Ṣọ́ọ̀bù Mọ́mì l'Ágbówó: wọn ò ní bá ẹ kọ prójẹ́ẹ̀tì o, àmọ́ wàá mọ̀ ọ́n kọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí lórí WhatsApp pé ta ló bá mi kọ prójẹ́ẹ̀tì mi, kò sẹ́ni tó bá mi kọ ọ́ o. Mo náwó lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀kọ́ ni mo fowó yẹn rà. Ṣọ́ọ̀bù kan ló wà l'Ágbówó, lódìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn (UI), ìsàlẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin kan ti ń tẹ̀wé tí wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì tí wọ́n sì ń báíńdì, tẹ́ ẹ bá wá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ sókè ẹ máa bá Mọ́mì níbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì gígùn kan àtàwọn àga oníke. Mọ́mì ti ṣiṣẹ́ láíbúrárì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe báyìí ò ju pé kí wọ́n jókòó ti èèyàn, kí wọ́n máa bi í léèrè ọ̀rọ̀ títí ìwé ìwádìí ẹ̀ á fi lórí tí á sì nídìí. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n má kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù síta torí èrò tó ń wá ti pọ̀ ju àga lọ, àmọ́ ẹ ṣáà dé Agbówó, kẹ́ ẹ béèrè Mọ́mì tó máa ń lé àwọn tó fẹ́ ra prójẹ́ẹ̀tì, wọ́n á júwe ibẹ̀ fún yín.

Torí prójẹ́ẹ̀tì rírà ló kún Agbówó, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Pátákó wà káàkiri ojú títì pé àwọn ń kọ ọ́ fún gbogbo dìpáátímẹ́ǹtì, látorí chapter one dé chapter five, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á lọ wá èyí tẹ́nì kan ti kọ rí, wọ́n á yọ orúkọ ìlú tó wà níbẹ̀, wọ́n á fi Ìbàdàn dípò, ó parí nìyẹn. Ẹnì kan nínú kíláàsì wa sanwó fún irú ẹ̀, chapter three sọ pé ó pín ìwé ìbéèrè fáwọn ọlọ́jà Bódìjà, nígbà tó máa fi di chapter four gbogbo àwọn ọlọ́jà yẹn ti kó lọ sí Enugu. Ọjọ́ dìfẹ́ǹsì ló tó mọ̀, níwájú àwọn lẹ́kíṣọ́rà. Lọ́dọ̀ Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá fi lè sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n bá yín kọ ọ́, wọ́n á ní "Ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ fún ní sátífíkéètì ni?" wọ́n á sì nawọ́ sí àtẹ̀gùn fún yín.

Tọ́píìkì tí mo gbé lọ bá wọn, èmi rò pé ó ti dáa tán, omíyalé ní Nàìjíríà. Mọ́mì yọ jígí wọn, wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀?" Mo ní ohun tó ń fà á, jàǹbá tó ń ṣe, àti ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n ní, "Gbogbo Nàìjíríà? Láti ọdún wo dé ọdún wo? Ìwọ nìkan ṣoṣo?" Wọ́n ní kí n lọ mú ìlú kan, odò kan, ìgbà kan. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, tòjò bá ti ń ṣú báyìí kò sí àgbàlagbà àdúgbò wa tí kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti odò Ògùnpa, bó ṣe ya ní 31 oṣù kẹjọ 1980, tó gbé ilé, tó gbé mọ́tò, tó gbé èèyàn lọ, ayé Bọ́lá Ìgè ni, àwọn kan ṣì ń ka ìgbà yẹn bí ẹni ń ka ọdún ogun. Mo ní ó dáa, màá kọ Ògùnpa. Mọ́mì ní ó ti sàn díẹ̀, àmọ́ ìtàn ṣì ni, kò tíì di ìbéèrè. Wọ́n wá ní, "Ṣebí omi tún yalé ní 2011?" Ó yalé lóòótọ́, 26 oṣù kẹjọ ni, bíríìjì Àpẹ̀tẹ̀ lọ, Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, omi wọ inú ọgbà UI gan-an ó ba ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja jẹ́. Wọ́n ní, "Lẹ́yìn ti 1980, ìjọba fẹ ojú Ògùnpa, wọ́n da kọnkéré sí i, owó ńlá ni wọ́n ná. Kí ló wá fà á tí 2011 tún fi rí bẹ́ẹ̀?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Mọ́mì ní, "Ó dáa, lọ ka ìwé."

Tó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lẹ máa rí gbà lọ́dọ̀ obìnrin yìí, àyè yìí ni mo lè ní owó mi ti pé. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń ní tọ́píìkì tí a ò ní ìbéèrè, a ó wá máa kó gbogbo ohun tí ojú wa bá rí nípa tọ́píìkì yẹn jọ, a ó kọ ọgọ́rin ojú ewé, súpáfáísọ̀ á ka á, á ní kí lò ń sọ gan-an. Tí ìbéèrè bá ti wà, á máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa kà fún yín, á sì máa sọ èyí tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù. Ìdáhùn tí mo wá rí nígbẹ̀yìn ni pé odò kan ni iṣẹ́ ìjọba dójú lé, nígbà tí ìlú ti fẹ̀ dé etí àwọn odò mìíràn bíi Odò Ọ̀nà, ibi tí èèyàn kọ́lé sí nígbà tí ojú gbogbo èèyàn wà lára Ògùnpa ni omi ti ṣọṣẹ́ jù ní 2011. Ẹ lè ní irọ́ ni mo pa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mọ́mì ní bí ohun tí èèyàn sọ ò bá jẹ́ ohun tẹ́lòmíì lè bá a jiyàn lé lórí, kò tíì sọ nǹkan kan. Ta ló máa bá èèyàn jiyàn pé omíyalé ò dáa?

Ìwé kíkà ni wọ́n fi ń jẹ èèyàn níyà jù. Wọn ò ní kéèyàn má lo Google, àwọn gan-an ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo Google Scholar tí mo ti ń lò láti 100 level láìmọ̀ ọ́n lò, pé tí mo bá rí àpilẹ̀kọ kan tó dáa, kí n tẹ ibi tí wọ́n kọ "Cited by" sí lábẹ́ ẹ̀, gbogbo àwọn tó kọ̀wé lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n tọ́ka sí i á jáde, kí n tún lọ wo rẹfẹ́rẹ́ǹsì tó wà lẹ́yìn àpilẹ̀kọ yẹn fún àwọn tó ṣáájú ẹ̀. Ìwé kan á máa fa òmíì. AJOL náà, ibi tí wọ́n kó àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ sí láti 1998, ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn lẹ́kíṣọ́rà tiwa níbí kọ nípa Ìbàdàn wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè wà jáde lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹni tó ń wá a nínú ìwé òyìnbó nìkan ò ní rí láé. Wikipedia, Mọ́mì ò bínú sí i bí àwọn lẹ́kíṣọ́rà kan ṣe máa ń bínú, wọ́n ní kí n kà á kí n fi mọ ojú ọ̀nà, kí n sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ lọ wo ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀, kí n wá lọ ka ibẹ̀ fúnra mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lé mi jáde kúrò lórí fóònù. Wọ́n ní ta ló sọ pé gbogbo ayé ló wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Kenneth Dike Library wà níbẹ̀ yẹn tó kún fún ìwé ìròyìn àtijọ́, National Archives, ibi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, wà nínú ọgbà UI kan náà, ẹ̀ ń gba iwájú ẹ̀ kọjá. (Dike tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sọ láíbúrárì yẹn, òpìtàn ni, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe Vice-Chancellor níbẹ̀, òun náà ló sì bẹ̀rẹ̀ National Archives. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo rò pé Dike kan ṣáà ni.) Ìwé ìròyìn Tribune tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn níbí ní 1949, tí wọ́n ń tẹ̀ ní ìlú kan náà tí omi ti yalé, ẹ rò ó wò, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an kì í ṣe ohun tẹ́nì kan rántí lẹ́yìn ogún ọdún. Eruku pọ̀ o, ẹ mú ìbomú dání.

Ibi tí iṣẹ́ yẹn ti wá dùn mọ́ mi ni ọ̀rọ̀ iye àwọn tó kú. Iye tí mo rí ò bára mu rárá láti ìwé kan sí òmíì, ti 1980 ò bára mu, ti 2011 náà ò bára mu. Èmi ti fẹ́ mú èyí tó pọ̀ jù torí á bá ìtàn mi lọ. Mọ́mì ní, "Ta ló kà wọ́n? Ọjọ́ wo ló kà wọ́n?" Iye tí ìwé ìròyìn gbé jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn ò tíì rí gbogbo òkú nígbà yẹn. Iye tí ìjọba sọ, ìjọba ní ìdí tí kò fi ní fẹ́ kó pọ̀. Èyí tẹ́nì kan kọ sínú jọ́nà lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ẹ wo ibi tó ti mú un, ó lè jẹ́ inú ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì yẹn náà ló ti mú un. Wọ́n ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀, kí n sọ ẹni tó sọ èyí àti ẹni tó sọ tọ̀hún, kí n wá sọ èyí tí mo gbà gbọ́ àti ìdí ẹ̀. Páráǹgíráàfù kan péré ló jẹ́ nínú prójẹ́ẹ̀tì mi, òun ni súpáfáísọ̀ mi fi báírò fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ tó kọ "good" sí. Ti Báńkì Àgbáyé náà bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn 2011 wọ́n fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 fún iṣẹ́ omíyalé n'Ìbàdàn, ìwé iṣẹ́ yẹn wà lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ wúlò gan-an, àmọ́ ẹni tó fẹ́ yáni lówó náà ní ìdí tó fi ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Chapter two, ibi tá a ti ń sọ ohun táwọn mìíràn ti kọ, ló kù tí wọ́n fi bú mi. Bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ lẹ mọ̀, lágbájá ní 2009 sọ pé báyìí, tàmẹ̀dù ní 2012 sọ pé báyìí, làkáṣègbè ní 2015 náà sọ tiẹ̀. Mọ́mì ní ó dà bí ìgbà tí MC ń pe àwọn èèyàn wá sórí high table lóde ìnáwó, gbogbo wọn jókòó tán, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n pín wọn sí agbo, àwọn tó ní àwọn èèyàn tó ń da ìdọ̀tí sódò ló fà á, àwọn tó ní ilé tí wọ́n kọ́ sétí odò ni, àwọn tó ní òjò ló yí padà, kí n wá jẹ́ kí agbo kan bá èkejì fa ọ̀rọ̀, kí n sì sọ ohun tí gbogbo wọn fi sílẹ̀ tí èmi fẹ́ sọ. Ìgbà tí mo tún un kọ, ó kúrú sí ìdajì, ó sì ṣeé kà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ èèyàn kó má jalè rèé: tẹ́ ẹ bá ti ka ibì kan tán, ẹ pa ìwé dé, ẹ sọ ohun tó sọ fún Mọ́mì lẹ́nu, lédè Yorùbá, kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò bá yé kò lè sọ ọ́ ní Yorùbá, kíá ni wọ́n á mọ̀. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíì nínú gbólóhùn ẹlẹ́ni kí Turnitin, ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀rọ̀ tó bá tẹlòmíì mu, má baà mú wọn, wọ́n ní olè tó pààrọ̀ aṣọ ni wọ́n. Nǹkan tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa Turnitin ni pé iye tó ń gbé jáde kì í ṣe iye ohun tí èèyàn jí, ó lè ka rẹfẹ́rẹ́ǹsì àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi àmì ayọlò sí mọ́ ọn, ẹ gbọ́dọ̀ wo ibi tó kùn ní àwọ̀ kí ẹ tó jáyà.

Ẹ̀yin ChatGPT, ẹ fara balẹ̀. Mọ́mì ò ní kẹ́ ẹ má lò ó, àmọ́ gbogbo rẹfẹ́rẹ́ǹsì tẹ́ ẹ bá gbé wá, ẹ máa ṣí i lójú wọn níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin kan jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, orúkọ òǹkọ̀wé wà, ọdún wà, orúkọ jọ́nà wà, ojú ewé gan-an wà, ó wá a títí, àpilẹ̀kọ yẹn ò sí láyé. Òógùn bò ó lábẹ́ fáànù.

Ti nọ́ńbà ò pẹ́ púpọ̀ torí èmi ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ fọ́múlà Taro Yamane, tí wọ́n fi ń ṣírò iye èèyàn tẹ́ ẹ máa bi ní ìbéèrè, sínú chapter three láìmọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ múra. Èèyàn 1,000, ẹ fi 0.05 ṣe àyè àṣìṣe, á fún yín ní 286, ó dáa. Mọ́mì á ní, "Báwo lo ṣe yan 286 yẹn?" Tẹ́ ẹ bá ní ẹ dúró lẹ́nu ọjà, ẹni tó bá gbà lẹ fún ní ìwé, wọ́n á ní ètò ìṣirò yẹn ń retí pé kí gbogbo èèyàn ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sínú ẹ̀, ti yín ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an kẹ́ ẹ sì gbà pé ibi tí iṣẹ́ yín mọ nìyẹn. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ láti kọ irú ẹ̀, àmọ́ ó sàn ju kí wọ́n bi yín lọ́jọ́ dìfẹ́ǹsì lọ.

Rẹfẹ́rẹ́ǹsì, Zotero ni wọ́n ní kí n gbé sórí láptọ́ọ̀pù mi, ọ̀fẹ́ ni, yunifásítì kan l'Ámẹ́ríkà ló ṣe é jáde ní 2006, tẹ́ ẹ bá wà lórí àpilẹ̀kọ kan ẹ tẹ bọ́tìnnì kan á tọ́jú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé nínú Word á bá yín tò ó. Àmọ́ ẹ tún un wò, torí bí wọ́n bá ṣe kọ orúkọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ṣe máa gbé e. Ẹ bi súpáfáísọ̀ yín bóyá APA (ìlànà tí wọ́n fi ń kọ rẹfẹ́rẹ́ǹsì) ẹ̀dà keje ló fẹ́, torí handout tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, ti kẹfà ni, ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé ò sí nínú ti keje mọ́, òǹkọ̀wé mẹ́ta sókè sì ti di et al. (àtàwọn yòókù) látìbẹ̀rẹ̀.

Mo fún wọn ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹyọ kan tó kù, ìsàlẹ̀ ló jẹ ẹ́. Àwọn ọmọkùnrin tó ń tẹ̀wé yẹn yára lóòótọ́, owó wọn ò sì gun òkè ju ti àwọn yòókù, àmọ́ gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo fara balẹ̀ fi sí i ni wọ́n pa rẹ́, fọ́ǹtì kọ̀ǹpútà wọn ò gbé e, Ọ̀nà di àpótí kékeré méjì tí n àti a tẹ̀lé, mo bá wọn jà wọ́n ní gbogbo èèyàn ló ń gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ tiyín di PDF nílé kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, títẹ̀ nìkan ni kí wọ́n bá yín tẹ̀ ẹ́. Jẹnẹrétọ̀ wọn wà lábẹ́ fèrèsé Mọ́mì gan-an, tí iná bá ti lọ ẹ máa pariwo kẹ́ ẹ tó gbọ́ra yín. ₦4,000 ni Mọ́mì ń gbà fún ìjókòó kan, kò wọ́n lójú tèmi, àmọ́ wọn kì í wo aago, nígbà míì wọ́n á bá yín jókòó pẹ́, nígbà míì tí èrò bá pọ̀ wọ́n á gé e kúrú, owó kan náà. Ẹnu wọn sì mú. Ọmọbìnrin kan sunkún lọ torí wọ́n ní abstract ẹ̀, ìyẹn àkékúrú prójẹ́ẹ̀tì, kò sọ ohun tó rí, ohun tó fẹ́ ṣe ló kún inú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni o, ìgbẹ̀yìn ló yẹ kéèyàn kọ ọ́, àmọ́ wọ́n lè sọ ọ́ jẹ́ẹ́.

Ẹni tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kó fi sílẹ̀, kó má lọ, inú á kàn máa bí i ni. Ẹni tó ṣì ní odidi sẹ̀mẹ́sítà kan níwájú, tó rọ́wọ́ mú díẹ̀, kó tètè lọ kó tó fọwọ́ sí tọ́píìkì lọ́dọ̀ súpáfáísọ̀. Wọn kì í ṣí ní Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, Sátidé ni èrò ń pọ̀ jù. Tiransífà ni wọ́n ń gbà. Ẹ gba agbára sí láptọ́ọ̀pù yín láti ilé, ibi tí wọ́n ti ń ki ṣájà bọ iná ò ju ẹyọ kan lọ lókè yẹn, Mọ́mì ló sì máa ń fi se tíì.